Chevrolet Bel Air 1957 àti Ford Mustang 1965: Èwo Ló Yẹ Ẹni Tó Ń Gbé Àgbádárìgì?

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ méjì yìí ni kí òun rà, kí òun sì máa lò ní Àgbádárìgì, Bel Air ni n ó ní kó rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mustang ló dùn-ún wà jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ àtijọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ́ńjìnì, agbára ẹṣin àti eré sísá. Ní ìlú tiwa, tó jẹ́ pé ọ̀sà àti erékùṣù tóóró kan ló là á láàárín àwa àti òkun, irin ọkọ̀ àti bí wọ́n ṣe so irin náà pọ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Iyọ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́ wa kì í sinmi lọ́sàn-án tàbí lóru, irin tó bá sì ti lé ní àádọ́ta ọdún kò ní agbára tó fi lè bá a jà fúnra rẹ̀.

Ọwọ́ bàbá kan ní àdúgbò wa ni mo ti mọ ọkọ̀ méjèèjì. Bàbá ń yá wọn fún àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó, àwọn tó ń jẹ oyè àti àwọn tó ń sìnkú àgbà, èmi sì wà lára àwọn tó máa ń bá wọn wà wọ́n. Mo ti wà wọ́n láàárín ìlú, láti Àjárá dé Maríìnà, mo sì ti wà wọ́n lójú ọ̀nà Èkó títí dé Àgbárá, nínú oòrùn àti nínú òjò. Bel Air wọn jẹ́ onílẹ̀kùn mẹ́rin, ó ní ẹ́ńjìnì V8, ìyẹn onísílíńdà mẹ́jọ, àti jíà Powerglide tó ń yí ara rẹ̀ padà. Mustang wọn jẹ́ onílẹ̀kùn méjì tí òrùlé rẹ̀ kì í ká, òun náà ní V8, ṣùgbọ́n jíà ọwọ́ ni tirẹ̀.

Bel Air 1957 ló gbẹ̀yìn nínú irú bọ́dì tí Chevrolet lò láti 1955 sí 1957, òun náà sì ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Harley Earl ni olórí ẹ̀ka tó ń ya àwòrán ọkọ̀ fún General Motors nígbà náà, lábẹ́ rẹ̀ sì ni ìyẹ́ ti kọ́kọ́ hàn ní ìdí ọkọ̀, lára Cadillac 1948, lẹ́yìn tí àwọn ayàwòrán rẹ̀ ti wo ọkọ̀ òfurufú ogun P-38 dáadáa. Nígbà tí yóò fi di 1957, ìyẹ́ náà ti ga, ó sì ti mú ṣóńṣó lára Bel Air. Ọdún yẹn kan náà, ní 8 Oṣù Kẹjọ, ni Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀, Àgbádárìgì sì wà lábẹ́ ìjọba náà, nítorí 1967 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Mo máa ń rò ó nígbà tí wọ́n bá ń ya àwòrán ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yìí níwájú Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àkọ́kọ́ ti 1845. Ayé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ilé àti ọkọ̀ náà ti wá, síbẹ̀ ojú kò rí ohun tó ta kora nínú àwòrán náà.

Ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, láti ìdí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn títí dé ìpẹ̀kun ìyẹ́, wọ́n fi alumíníọ̀mù tó ní ìlà wínníwínní bo irin, ìbòrí náà sì ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ sẹ́yìn. Lára ìyẹ́ òsì ni ẹnu táńkì epo fara pamọ́ sí. Irin dídán tó wà lókè iná ẹ̀yìn ń ṣí bí ilẹ̀kùn kékeré, kò sì sí ohunkóhun lára rẹ̀ tó fi hàn pé ó lè ṣí. Tí a bá dé ilé epo, ọmọ tó ń ta epo á yí ọkọ̀ náà po, á wo abẹ́ nọ́ńbà, á wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, á sì dúró kó máa wo awakọ̀, títí awakọ̀ yóò fi sọ̀ kalẹ̀ wá ṣí i fún un. Mo fẹ́ràn irú ìtọ́jú yẹn lára ohun tí a fi ọwọ́ ènìyàn ṣe. Ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ kò fẹ́ kí ìdérí táńkì ba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì wá ibi tó dára fún un.

Mustang kò ní irú àrà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ pé. Ní 17 Oṣù Kẹrin 1964 ni Ford fi í hàn níbi Ìpàtẹ Àgbáyé ní New York. Lee Iacocca ló ṣe agbátẹrù rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ náà, dọ́là 2,368 ni iye owó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní nìkan, nǹkan bí 22,000 ènìyàn ló ní kí wọ́n ṣe tiwọn, kò sì pé ọdún méjì tí wọ́n fi ṣe mílíọ̀nù kan. Ohun tó jẹ́ kí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ni pé ara ọkọ̀ Falcon, tó jẹ́ ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú ti Ford, ni wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n wá fún un ní bọ́nẹ́ẹ̀tì gígùn, ìdí kúkúrú, iná ẹ̀yìn tó pín sí ìlà mẹ́ta mẹ́ta, àti ẹṣin tó ń sáré níwájú. Kí ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ Falcon yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìpẹtà tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ẹ́ńjìnì, n kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi jà lé e lórí. V8 oníwọ̀n 4.6 lítà tó wà nínú Bel Air 1957 wá láti inú ìdílé ẹ́ńjìnì tí Chevrolet gbé jáde ní 1955 lábẹ́ Ed Cole, olórí àwọn ẹnjiníà wọn, èyí tó kéré jù, tó ní kábúrétọ̀ ẹlẹ́nu méjì, sì ní agbára ẹṣin 185. Èyí tó lágbára jù, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì dípò kábúrétọ̀, ní 283. Ti Mustang 1965 jẹ́ 4.7 lítà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti 200 dé 271. Àwọn méjèèjì tún jáde pẹ̀lú sílíńdà mẹ́fà fún ẹni tí kò fẹ́ ná owó púpọ̀. Ẹ́ńjìnì tó rọrùn ni gbogbo wọn. Mẹkáníìkì tó ti dàgbà, tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún kábúrétọ̀ ṣe, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú wo àlàfo kọ́ńtáàkì, kò nílò kọ̀ǹpútà kankan láti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Àwọn mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ mọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ yìí kọ́kọ́ mọ tirẹ̀. Ohun tí méjèèjì jọ ń jẹ ni epo, wọn kò sì jẹ ẹ́ níwọ̀nba. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní Oṣù Karùn-ún 2023, n kò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó máa fi èyíkéyìí nínú wọn lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ó wá kan bí wọ́n ṣe ń rìn. Bel Air gùn tó mítà 5.08, Mustang gùn tó 4.61, Mustang sì fúyẹ́ jù ú lọ pẹ̀lú ohun tó lé ní 200 kílò. Gbogbo èyí ló hàn nínú sítíárìn. Bí a bá ń wa Mustang, tí ọ̀nà sì dán, ibi tí ojú awakọ̀ bá wò ni ọkọ̀ ń lọ. Jíà rẹ̀ kúrú, ó sì le díẹ̀ lọ́wọ́, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń dún láti inú lọ́hùn-ún bí a bá ti ń kọjá jíà kejì, ènìyàn á sì fẹ́ kí ọ̀nà náà má tán. Bel Air ò kánjú. Jíà méjì péré ni Powerglide ní, bí ó bá sì ti kúrò nínú àkọ́kọ́, kò tún sí ohun tí yóò ṣe mọ́ ju kó máa lọ. Àga iwájú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan gbọọrọ tí ènìyàn mẹ́ta lè jókòó sí, ọkọ̀ náà a sì máa mi lẹ́nu kòtò bí ẹni pé ó fẹ́ mú kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ sùn. Lójú ọ̀nà Èkó, tí kòtò pọ̀ sí láwọn ibì kan, ìmìtìtì yẹn sàn ju bí Mustang ṣe máa ń gbá ènìyàn ní ẹ̀yìn lọ. Ìyẹn nìkan ni ibi tí Bel Air ti borí nínú ọ̀rọ̀ wíwà. Nínú gbogbo yòókù, Mustang ló ni ín, ẹni tó bá sì ti wà á lówùúrọ̀ ọjọ́ Sunday, kí ọjà tó kún, kò ní jiyàn pẹ̀lú mi.

Sítíárìn ọkọ̀ méjèèjì wà ní apá òsì. Nígbà tí wọ́n jáde ní Amẹ́ríkà, apá òsì ọ̀nà ni àwa ń gbà ní Nàìjíríà, 2 Oṣù Kẹrin 1972 ni a tó yí sí apá ọ̀tún. Ọ̀nà wa ti òde òní wá bá wọn mu ju ọ̀nà wa ti ìgbà náà lọ.

Búréèkì ni kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́. Dírọ́ọ̀mù ló wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Bel Air. Dírọ́ọ̀mù náà ló wà lára ọ̀pọ̀ Mustang 1965, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ san owó lé e lè gba dísìkì fún ẹsẹ̀ iwájú. Dírọ́ọ̀mù tó ti gbóná kì í di ọkọ̀ mú bó ṣe yẹ, ọkọ̀ tó wúwo tó Bel Air sì máa ń mú un gbóná kíá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni òróró búréèkì ń gbà nínú méjèèjì. Bí páìpù kan bá jò ní ẹsẹ̀ kan, búréèkì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lọ. Ọdún 1967 ni Ford tó pín ti Mustang sí méjì. Ẹ̀yà tí wọ́n fi ń yí i padà sí ọ̀nà méjì wà fún ọkọ̀ méjèèjì, mo sì ka ìyípadà yẹn sí ohun tí kò ṣeé má ṣe. Kò sí bẹ́líìtì tó ń gba èjìká kọjá nínú ọ̀kankan, ọ̀pá sítíárìn wọn kì í sì í ká sínú bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Ti Mustang tún ní èyí tó burú: òkè táńkì epo gan-an ni ilẹ̀ búùtù. Ní 2009, àjọ IIHS, tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Amẹ́ríkà, mú Bel Air 1959, wọ́n fi kọlu Chevrolet Malibu 2009. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọlangidi tó wà nídìí sítíárìn ọkọ̀ àtijọ́ náà fi hàn pé awakọ̀ gidi kò ní yè é. Nítorí náà, èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ rọra wà á.

Òjò Àgbádárìgì tún ní ohun tó máa ń fi hàn. Wáípà Bel Air 1957, àyàfi bí ẹni tó kọ́kọ́ rà á bá san owó fún ti iná, kì í lo iná. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà ló ń tì í. Bí awakọ̀ bá tẹ tọ́tù láti kọjá ọkọ̀ akẹ́rù nínú òjò, wáípà á rọra fà, nígbà mìíràn ó lè dúró sí àárín gíláàsì lásìkò tí omi tí táyà ọkọ̀ akẹ́rù ń tú bá bo ojú. Bí ó bá ká ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, wáípà á tún sáré. Ti Mustang ń lo iná, kò sì bìkítà fún ohun tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣe. Bátìrì méjèèjì jẹ́ fóòtì 12, kò sì sí ìṣòro nínú rírà á. Ṣùgbọ́n dínámò ló ń gba bátìrì Bel Air lágbára, kì í sì í fún un ní iná tó bí ẹ́ńjìnì bá ń yí jẹ́jẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ alẹ́ pẹ̀lú iná iwájú ní títàn, nígbà tí Mustang 1965 ti ní ọ̀tánétọ̀. Rewáyà tó mọ iṣẹ́ lè fi ọ̀tánétọ̀ àti wáípà oníná sí Bel Air, ohun tí mo sì gbà pé ó yẹ ní ṣíṣe nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo sọ láti òkè wá, Mustang ló gbè. Kí ló wá dé tí mo fi ní kí ẹ ra Bel Air?

Ọ̀rọ̀ ìpẹtà ni. Bel Air ní ṣásí tó dá dúró, irin nípọn méjì tó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, bọ́dì sì jókòó lé e lórí pẹ̀lú bóòtù. Bí ilẹ̀ ọkọ̀ náà bá dógùn-ún, tí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn bá jẹrà, tí ìpẹtà bá jẹ ibi iná iwájú, níbi tí wọ́n fi ihò afẹ́fẹ́ sí, ọkọ̀ náà á burẹ́wà, àmọ́ yóò ṣì dúró tọ́. Panẹ́ẹ̀lì bítà lè gé ibi tó bàjẹ́, kó fi irin tuntun dí i, bí ó bá sì le jù, wọ́n lè tú gbogbo bọ́dì kúrò lórí ṣásí, kí wọ́n fọ ṣásí, kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n sì dá a padà. Mustang, bíi Falcon tó ti jáde wá, kò ní ṣásí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti èrò, gbogbo wọn jọ ni egungun ọkọ̀ náà, irin wọn sì tinrin. Bí ìpẹtà bá ti wọ ibẹ̀, bí ìgbà tí ikán bá mú òpó ilé ló rí, òde lè máa dán kí inú ti ṣófo. Ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ bọ́ sí ojú ihò rẹ̀ mọ́ ni ẹni tó ni ọkọ̀ máa ń kọ́kọ́ rí, nígbà yẹn ó sì ti pẹ́.

Ibi kan wà lára Mustang tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń rò ó láti rà á mọ̀. Lábẹ́ gíláàsì iwájú, níbi tí ìdí bọ́nẹ́ẹ̀tì parí sí, àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ọkọ̀. Omi òjò náà ń gba ibẹ̀ wọlé, ó sì yẹ kó gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jáde sílẹ̀. Ewé àti iyanrìn máa ń dí ọ̀nà yẹn, omi á dúró, irin á dípẹtà láti inú níbi tí ojú kò tó, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí ibi ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ti ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ọkọ̀ á tún jẹrà láti ibẹ̀. Láti tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n ní láti tú oríṣiríṣi nǹkan, kí wọ́n lu ihò sí ojú ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin pọ̀, kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì jó o padà. Ní ìlú tí òjò pọ̀, tí iyanrìn wà níbi gbogbo, tí ewé igi àgbọn ń já lu ọkọ̀, mi ò mọ ohun tó tún lè bá ìlú jà ju bẹ́ẹ̀ lọ lára ọkọ̀ kan.

Ìdí kejì tí mo fi yan Bel Air ni iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi irú ọkọ̀ yìí ṣe níbí. A ń fi gbé ìyàwó, a ń fi gbé olóyè lọ kí Àkran ní ààfin, a ń fi gbé àwọn àgbà. Ìyàwó tó wọ aṣọ funfun gígùn tàbí aṣọ òkè pẹ̀lú gèlè tó ga kò lè ráyè sí ẹ̀yìn Mustang láìjẹ́ pé ó tẹrí ba wọlé láti ẹnu ilẹ̀kùn iwájú, tí àwọn ènìyàn méjì sì ń tì í lẹ́yìn. Nínú Bel Air onílẹ̀kùn mẹ́rin, yóò wọlé bí ọmọlúàbí, yóò jókòó, ìyá rẹ̀ á sì jókòó tì í. Àwọn ìdílé tó ti yá méjèèjì rí kì í sábà padà wá béèrè Mustang, àyàfi bí ọkọ ìyàwó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ wà á.

Fún ẹni tó bá ti pinnu, ohun tó yẹ kó wò rèé. Lára Bel Air, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ kí ẹ wo àwo nọ́ńbà tó wà lára òpó ilẹ̀kùn náà. Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VC57, Bel Air 1957 tó ti ilé iṣẹ́ jáde pẹ̀lú V8 ni. Bí ó bá jẹ́ C57, sílíńdà mẹ́fà ni wọ́n fi bí i, bó tilẹ̀ jẹ́ V8 ló wà nínú rẹ̀ lónìí. Lára Mustang 1965, lẹ́tà tó wà ní ipò karùn-ún nínú nọ́ńbà rẹ̀ ló ń sọ ẹ́ńjìnì: T ni sílíńdà mẹ́fà, C, A àti K ni V8. Bí ojú yín kò bá rí nọ́ńbà kíá, ẹ ka nọ́ọ̀tì tó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú. Márùn-ún ló wà lára èyí tó jáde pẹ̀lú V8, mẹ́rin ló wà lára ti sílíńdà mẹ́fà. Bí ẹ bá rí V8 nínú ọkọ̀ tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, ẹnì kan ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì láì pààrọ̀ búréèkì àti ohun tó di ẹsẹ̀ mú, ẹ fi í sílẹ̀ fún oníǹkan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan, ẹ rọra dà á sí àwọn ihò abẹ́ gíláàsì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan ibi ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí ọwọ́ bá tutù, ẹ má rà á, ohun yòówù kí kíkùn rẹ̀ dán tó.

Ẹ̀yà ara ọkọ̀ méjèèjì wà lọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣì ń ṣe wọ́n tuntun, láti orí bọ́ńpà dé ilẹ̀ ọkọ̀. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra lórí ọ̀nà tí yóò gbà wọlé. Láti 1 Oṣù Kínní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, nítorí náà ẹni tó bá sọ pé òun á gbé Mustang gba Sẹ̀mẹ̀ wá fún yín ní owó tí kò wọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè ni ọkọ̀ náà máa parí sí. Èyí tó ti wà ní Nàìjíríà pẹ́, tí ìwé rẹ̀ pé, ni kí ẹ wá, kódà bí owó rẹ̀ bá ju ti tòkunbọ̀ lọ.

Bí ẹ bá sì ti rà á, ẹ má gbé e lọ sí etí òkun fún àwòrán kí ẹ wá gbé e padà sílé bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ fi omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ fọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fọ inú fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ ṣí àwọn ihò kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kí omi lè jáde, kí ẹ sì gbé e sí abẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ẹ má fi tapólì bò ó mọ́lẹ̀ ní tútù, nítorí ooru á há omi oníyọ̀ mọ́ ara irin. Ẹni tó bá ra Bel Air, tó sì ń ṣe èyí déédéé, lè máa lò ó fún ọdún púpọ̀ ní ìlú yìí. Ẹni tó bá yan Mustang gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo rẹ̀, kó tún máa fi ọwọ́ yọ ewé kúrò lábẹ́ gíláàsì lẹ́yìn gbogbo òjò.